Ilé Koríko, Owó Gọbọi: Èwo Ló Tó Owó Rẹ̀ Nínú Àwọn Ilé Ìgbafẹ́ Inú Igbó?

Ọ̀nà Òṣogbo sí Ọ̀ffà gba Òkukù kọjá, ojú irin gba ibẹ̀ kọjá, ọ̀pọ̀ èèyàn náà sì ń gba ibẹ̀ kọjá láìdúró. Àmọ́ àwọn tó ń dúró ti ń pọ̀ sí i. Ọ̀kan lára àwọn ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2006, wà nílùú náà, àwọn òbí sì ń ti Èkó, Ìbàdàn àti Àbújá wá wo ọmọ wọn níbẹ̀. Àwọn ọmọ bíbí Òkukù, Ìnísà àti Ìkirun tó wà lókè òkun ń wálé fún ìnáwó, fún ọdún, fún òkú àgbà. Bí ìnáwó bá parí, tí ara bá wá ń fẹ́ ìsinmi, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi ará ilé: ibo la lè lọ fún ọjọ́ méjì ká tó padà sẹ́nu iṣẹ́?

Fóònù ló sábà máa ń dáhùn kí ará ilé tó dáhùn. Àwòrán á yọ: ilé olórùlé koríko lábẹ́ igi, ibùsùn onígi, fìtílà lẹ́nu ọ̀nà, èso nínú igbá lórí tábìlì. Iye owó òru kan á wà nísàlẹ̀ àwòrán náà, ó sì lè ju ohun tí òṣìṣẹ́ kékeré ń gbà ní odidi oṣù kan lọ.

Ẹni tó ń ro ó bóyá kóun san irú owó bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí wà fún. Ẹni tó bá ń sanwó nítorí koríko àti ògiri alámọ̀ nìkan ń fowó rẹ̀ ṣòfò, pàápàá bó bá ní oko baba tirẹ̀ lágbègbè Odò-Ọ̀tìn. Ẹni tó ń sanwó nítorí igbó tí ẹnikẹ́ni ò gé, omi tó mọ́, ìdákẹ́rọ́rọ́ àti òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́, owó rẹ̀ lè tọ́ dáadáa. Méjèèjì jọra nínú àwòrán. Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ ni èèyàn ti gbọ́dọ̀ mọ èyí tí wọ́n ń tà fún un.

Ohun tó gbé owó náà ga

Òrùlé koríko kò fìgbà kan rọrùn. Láyé ìjọba Ọ̀yọ́, odidi ọdún kan wà, ọdún Bẹẹrẹ, tí wọ́n máa ń gbé koríko bẹẹrẹ wá fún Aláàfin láti fi bo òrùlé ààfin. Koríko ń gbó, òjò ń bà á jẹ́, ikán ń jẹ ẹ́, àfi kí wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀. Aláàfin ní ìlú tó ń bá a ṣe é. Ẹni tó dá ilé ìgbafẹ́ sílẹ̀ lónìí kò ní, owó ni yóò fi wá àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe, irú wọn kò sì pọ̀ mọ́ láti ìgbà tí páànù ti gbòde.

Nítorí náà, òrùlé ni ibi àkọ́kọ́ tí àlejò ti lè mọ̀ bóyá wọ́n ń náwó ọ̀hún síbi tó yẹ. Kó wọ yàrá, kó gbójú sókè. Òrùlé tí wọ́n tọ́jú máa ń nípọn, ìdì kọ̀ọ̀kan á lẹ̀ mọ́ èkejì, oòrùn kò ní yọjú láàárín wọn, òórùn koríko gbígbẹ ni yóò sì máa ti ibẹ̀ wá. Èyí tí wọ́n ti pa tì máa ń dúdú níbi tí òjò ti ń jò, òórùn rẹ̀ á jọ ti aṣọ tí kò gbẹ, eruku tí ikán ń já sílẹ̀ á sì wà lórí aṣọ ibùsùn. Àwọn míì ti lọ ra koríko oníke tí wọ́n ń kó wọlé láti òkèèrè. Kò jò, kò sì gbó kíákíá, àmọ́ ooru ń mú lábẹ́ rẹ̀ ju ti koríko gidi lọ. Bó bá jẹ́ ìyẹn ni wọ́n fi bo ilé, kí wọ́n má gbowó ilé ìbílẹ̀ lé e lórí.

Lẹ́yìn òrùlé ni iná. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti tán, owó ọkọ̀ àti owó ọjà sì gbéra láti ìgbà náà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, owó iná ìjọba fún àwọn tó wà ní ìpele A, ìyẹn àwọn tí iná wọn máa ń pẹ́ jù, gòkè láti ₦68 sí ₦225 lórí yúnìtì kan. Ilé ìgbafẹ́ tó bá wà nínú igbó kì í sábà rí irú iná bẹ́ẹ̀ lò. Ẹ̀rọ amúnáwá tó ń mu dísẹ́ẹ̀lì tàbí sólà àti bátìrì ló ń gbé e ró, ilé ìgbafẹ́ náà ló ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ tirẹ̀, òun ló ń tún ọ̀nà tirẹ̀ ṣe, òun ló ń gba ọdẹ tirẹ̀. Hòtẹ́ẹ̀lì àárín ìgboro máa ń pín ìnáwó bẹ́ẹ̀ sórí yàrá tó pọ̀. Orí yàrá mẹ́wàá tàbí márùn-ún ni ti inú igbó ń pín in sí.

Dọ́là náà wà níbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tíì tó ₦500 ní ọjà ìjọba. Nígbà tí ọdún 2024 ń parí lọ, ó ti ju ₦1,500 lọ. Sólà, bátìrì, ẹ̀rọ amúlétutù àti ẹ̀rọ tó ń fa omi, òkèèrè ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń wá. Ìdí nìyẹn tí iye kan náà fi lè dà bí ẹ̀dínwó lójú ẹni tó ń ná pọ́n-ùn láti Peckham ní London, tí yóò sì wúwo bí ẹrù lórí tíṣà tó ń gbowó oṣù ní Ìnísà. Kí ẹni tó wà ní London tó sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílé pé ibì kan "ò wọ́n rárá", kó kọ́kọ́ fi owó oṣù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣírò.

Ohun tí owó ńlá lè rà

Rwanda ló fi ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere jù ní ilẹ̀ Adúláwọ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, ìjọba ibẹ̀ gbé owó ìwé àṣẹ láti lọ wo ìnàkí inú òkè ńlá láti dọ́là 750 sí 1,500 lórí ẹnì kan, wákàtí kan péré sì ni àlejò máa ń lò lọ́dọ̀ àwọn ẹranko náà. Lọ́jọ́ kan náà ni wọ́n gbé ìpín àwọn ìlú tó yí ọgbà igbó náà ká láti ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún sí mẹ́wàá. Ọdún yẹn náà ni wọ́n ṣí Bisate Lodge nítòsí Volcanoes National Park: ilé mẹ́fà péré, tí wọ́n fi koríko bò, tí wọ́n sì ya ìrísí wọn láti ara ààfin ọba àtijọ́ tó wà ní Nyanza. Owó ibẹ̀ ga gan-an. Àmọ́ àlejò lè tọ́ka sí ohun tó rà: igbó tí wọ́n ń ṣọ́, ẹranko tí kò tíì run, ìlú tó ń rí ìpín tirẹ̀ gbà.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, La Campagne Tropicana ní Ìkégun, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìbẹ̀jú-Lékkí, ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Wanle Akinboboye dá a sílẹ̀ lọ́dún 1984, nígbà tí igbó ṣì pọ̀ lágbègbè náà ju ilé lọ. Ilé olórùlé ìbílẹ̀ wà níbẹ̀, etí òkun wà, ọ̀sà wà, igbó ẹ̀gbà inú omi náà ṣì wà. Láti ìgbà náà, ilẹ̀ Lékkí ti di ohun tí wọ́n ń fi mílíọ̀nù lọ́nà ọgọ́rùn-ún rà, iléeṣẹ́ àti ilé gbígbé sì ti bo etí òkun. Ilẹ̀ tí ẹnì kan fi sílẹ̀ láìgé níbẹ̀ láti ogójì ọdún sẹ́yìn ti di ọ̀wọ́n. Ará Èkó tí kò ní oko níbì kankan, tí ọmọ rẹ̀ ò mọ bí ilẹ̀ ṣe ń rí láàárọ̀ tí ìrì bá sẹ̀, ní ohun gidi kan tó lè sanwó fún níbẹ̀. Ará Òkukù tó máa rìn láti àárọ̀ dọ̀sán, tó máa há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Lékkí, kó tó lọ sùn lábẹ́ koríko, ní láti ro tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bó bá jẹ́ òkun ló fẹ́ rí, kó lọ. Bó bá jẹ́ igbó, kó wo àyíká rẹ̀ ná.

Láti Òkukù jáde

Èyí tó sún mọ́lé jù ni MicCom Golf Hotel and Resort ní Àdá, lẹ́bàá Ìrágbìjí. Ọmọ ìlú náà, Ọmọọba Túndé Pọ́nnlé, tó dá iléeṣẹ́ wáyà MicCom sílẹ̀, ló kọ́ ọ sí ilé baba rẹ̀. Pápá gọ́ọ̀fù ni ohun tó fi yàtọ̀, àwọn òkè àgbègbè Ìrágbìjí sì yí i ká. Ẹni tó ń gbá gọ́ọ̀fù kò ní láti ronú púpọ̀, kò ní rí irú pápá bẹ́ẹ̀ ní ìtòsí. Ẹni tí kì í gbá a, tí kò sì fẹ́ kọ́ ọ, kó béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀ bóyá ìrìn ìrọ̀lẹ́ lórí koríko tútù tó láti fi gbé òru níbẹ̀. Fún àwọn òbí tó wá wo ọmọ ní Òkukù, àǹfààní rẹ̀ ni pé èèyàn lè jẹun àárọ̀ ní Àdá kó sì dé ọgbà yunifásítì kí oòrùn tó mú.

Òṣogbo ló tẹ̀ lé e, kò tó wákàtí kan lọ́kọ̀ bí ọ̀nà bá dára. Igbó Ọ̀ṣun tó wà níbẹ̀ tó héktà 75, UNESCO sì fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ogún àgbáyé lọ́dún 2005. Bí igbó náà ò ṣe di ilé àti oko kò ṣẹ̀yìn àwọn olórìṣà àti àwọn oníṣẹ́ ọnà tó kóra jọ yí Susanne Wenger ká, ará Austria tó dé Nàìjíríà lọ́dún 1950, tí àwọn ará Òṣogbo ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, tó sì kú lọ́dún 2009. Igi tó wà níbẹ̀ dàgbà ju ti ọ̀pọ̀ ilé ìgbafẹ́ lọ, owó ìwọlé rẹ̀ kò sì jọ owó òru kan ní ilé ìgbafẹ́ kankan. Èèyàn lè sun hòtẹ́ẹ̀lì lásán nígboro, kó lo odidi àárọ̀ kan nínú igbó náà, kó sì ní ìsinmi tí olówó ńlá ń wá kiri. Ohun kan péré: kí ẹnikẹ́ni má mu omi odò Ọ̀ṣun tó ń ṣàn níbẹ̀. Ìwakùsà wúrà ní apá òkè odò ti yí àwọ̀ rẹ̀ padà, ìjọba ìpínlẹ̀ sì ti kìlọ̀ fún àwọn tó ń wá síbi ọdún Ọ̀ṣun nípa rẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ rí omi tó ń já láti orí àpáta ní ọ̀nà méjì. Àyíkúnugbá wà ní Òkè-Ìlá, Olúmìrìn wà ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Méjèèjì ni èèyàn lè lọ ní àárọ̀ kó sì padà ní ìrọ̀lẹ́. Kò sí ìdí láti sanwó yàrá olówó gọbọi nítorí wọn. Owó tí yóò wúlò níbẹ̀ ni ti ọmọ ìlú tó mọ àpáta tí ń yọ̀ àti èyí tí kì í yọ̀, pàápàá ní Ẹ̀rìn tí omi náà ti ń bọ́ láti ìpele dé ìpele, tí ẹni tó bá fẹ́ dé òkè pátápátá sì ní láti gun òkè fún ìgbà pípẹ́.

Ẹni tó bá ti dé Ẹ̀rìn kò jìnnà sí Ìkógòsì mọ́. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè àti Ará-mọkọ ni ọ̀nà gbà. Omi gbígbóná àti omi tútù ń sun níbẹ̀, wọ́n ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn títí wọ́n fi pàdé, èèyàn sì lè fi ẹsẹ̀ kan sínú ọ̀kan kó fi èkejì sínú èkejì. Àwọn ará ìlú ti mọ̀ ọ́n látayébáyé. Lọ́dún 1952 ni John McGee, òjíṣẹ́ Ìjọ Onítẹ̀bọmi, mú ìròyìn rẹ̀ dé etí àwọn èèyàn òkèèrè. Ìjọba Èkìtì ti náwó sí ibẹ̀ láìmọye ìgbà, ó sì ti gbé e lé iléeṣẹ́ àdáni lọ́wọ́ láti máa bójú tó o. Ohun tí wọ́n ń tà ní Ìkógòsì kò sí ẹni tó lè kọ́ irú rẹ̀ síbòmíràn, ìyẹn sì mú kó wà lára àwọn ibi tí ó lè tó owó rẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí owó kò pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lè san owó ìwọlé ojúmọ́, kó wẹ̀, kó jẹun, kó sì lọ sùn sí Adó-Èkìtì tàbí Iléṣà. Omi kan náà ni yóò rí.

Òkè Obudu ní Ìpínlẹ̀ Cross River ńkọ́? Lọ́dún 1951 ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún sísin màlúù, ó ga tó mítà 1,576 lókè òkun, òtútù ibẹ̀ sì lè mú kí èèyàn wá aṣọ òtútù ní Nàìjíríà. Wọ́n na okùn irin sí i lára kí ọkọ̀ máa gbé àlejò gòkè láti ìsàlẹ̀, àmọ́ ó ti ní àkókò pípẹ́ tí ọkọ̀ náà kò ṣiṣẹ́. Ẹwà ibẹ̀ kò láfiwé. Ìrìn àjò rẹ̀ láti Òkukù ń jẹ odidi ọjọ́ kan ní àlọ, ọjọ́ kan ní àbọ̀. Ẹni tí kò ní ju ọjọ́ mẹ́rin lọ kó fi sílẹ̀ di ìgbà mìíràn, ẹni tó bá sì ń lọ kó pe ibẹ̀ kó mọ ohun tó ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ náà.

Ìṣirò tó yẹ kí wọ́n ṣe ní ilé

Àpẹẹrẹ lásán ni èyí, kò sí ilé ìgbafẹ́ kan pàtó tí iye rẹ̀ ń tọ́ka sí. Ká ní ilé kan tó gba bàbá, ìyá àti ọmọ méjì jẹ́ ₦120,000 lóru, wọ́n sì fẹ́ sun òru méjì. ₦240,000 nìyẹn. Owó orí VAT, ìdá méje àtààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, jẹ́ ₦18,000. Bí ilé náà bá ń gba ìdá mẹ́wàá fún iṣẹ́ ìtọ́jú àlejò, ₦24,000 tún nìyẹn. Oúnjẹ àárọ̀ wà nínú owó yàrá, tọ̀sán àti talẹ́ kò sí. Bí àwo kan bá jẹ́ ₦12,000, èèyàn mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, fún ọjọ́ méjì, ₦192,000 ni. Ká fi ₦80,000 sí ọkọ̀ àti epo. Gbogbo rẹ̀ di ₦554,000.

Owó yàrá tí wọ́n rí lórí fóònù kò tó ìdajì iye náà. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin àpapọ̀ fọwọ́ sí lọ́dún 2024 jẹ́ ₦70,000, nítorí náà ìsinmi ọjọ́ méjì yìí ku díẹ̀ kó tó owó oṣù mẹ́jọ irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Bó bá sì jẹ́ Ìpínlẹ̀ Èkó ni wọ́n lọ, owó orí míì wà níbẹ̀ láti ọdún 2009, ìdá márùn-ún lórí yàrá hòtẹ́ẹ̀lì àti oúnjẹ.

Oúnjẹ ló sábà máa ń tú ìṣirò ká. Ilé ìgbafẹ́ inú igbó kì í ní bùkátéríà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn kan kì í sì í jẹ́ kí àlejò gbé oúnjẹ wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ fi owó méjì wéra, kó fi gbogbo ohun tí yóò ná wéra, kó má fi owó yàrá nìkan.

Oko tó wà nílé

Ohun tí ilé ìgbafẹ́ ń pè ní ìgbé ayé ìbílẹ̀, ọ̀pọ̀ ìdílé ní Òkukù ló ní in láìsan kọ́bọ̀. Ní abà, bí oòrùn bá ti rọ̀, wọ́n á kó iná jọ, wọ́n á ti iṣu tí wọ́n wú lọ́jọ́ náà bọ inú ẹyin iná, wọ́n á máa yí i. Bó bá jinná, wọ́n á fi ọ̀bẹ ha èèpo tó jóná kúrò títí ara rẹ̀ yóò fi pupa résúrésú, wọ́n á là á, èéfín funfun á jáde láti inú rẹ̀, epo pupa àti iyọ̀ á tẹ̀ lé e. Àwọn ilé ìgbafẹ́ kan ń gbìyànjú láti ṣe irú alẹ́ yìí fún àlejò. Iṣu wọn ti ọjà wá.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ alẹ́ àṣà, tí wọ́n máa ń gbé onílù àti oníjó wá sí ọgbà ilé ìgbafẹ́ ní ọjọ́ Sátidé. Òkukù ní ti rẹ̀ tí kò sí fún títà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Karin Barber gbé ìlú náà ní àwọn ọdún 1970, ìwé tó kọ lórí oríkì àti àwọn obìnrin tó ń kì í níbẹ̀ jáde lọ́dún 1991, àwọn onímọ̀ káàkiri àgbáyé sì ń kà á títí di òní. Ọdún Ọ̀tìn, òrìṣà odò Ọ̀tìn, wà ní Òkukù, Ìnísà náà ní ọwọ́ nínú ìtàn òrìṣà náà. Ní Ìkirun, odò Ọ̀tìn yìí kan náà ni àwọn ọmọ ogun tó ń sá kó sí nígbà ogun Jálumi lọ́dún 1878. Ẹni tó bá jókòó ti àgbà obìnrin kan ní àgbàlá ní ìrọ̀lẹ́, tó fún un ní àyè láti sọ̀rọ̀ dé ibi tó bá wù ú, yóò gbọ́ ohun tí kò sí onílù tí wọ́n háyà tó lè mú wá. Kó má gbàgbé láti fi nǹkan sí i lọ́wọ́.

Òótọ́ kan wà tí kò yẹ ká bò mọ́lẹ̀: oko kì í ṣe ìsinmi fún gbogbo ènìyàn. Ìyàwó ilé tó bá lọ sí oko àna rẹ̀ lè máa dáná fún ogún ènìyàn kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọmọ tó ti òkè òkun dé lè má sinmi ní wákàtí kan, bí àwọn tó wá kí i ṣe ń wọlé ni àwọn tó ní bùkátà ń tẹ̀ lé wọn. Fún irú àwọn bẹ́ẹ̀, ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ wọ́n, tí ẹlòmíràn ń se oúnjẹ tó sì ń tẹ́ ibùsùn, jẹ́ ohun tó tọ́ láti fowó rà. Ìyá tó ti tọ́jú aláìsàn fún ọdún kan gbáko, kí ẹnikẹ́ni má ṣírò owó fún un.

Ìdílé tó bá sì fẹ́ sọ abà tirẹ̀ di ibi ìsinmi, nǹkan mẹ́rin ni kó kọ́kọ́ náwó sí: ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́ tí ó ní ilẹ̀kùn, omi mímu, àwọ̀n ẹ̀fọn lórí ibùsùn kọ̀ọ̀kan, àti fìtílà sólà. Kí wọ́n ro koríko àyíká ilé mọ́lẹ̀ nítorí ejò. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ̀nyí lè má ná wọn tó owó ìsinmi ọjọ́ méjì tí a ṣírò lókè, wọ́n á sì wà níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.

Kí owó tó lọ

Ìpè fóònù kan dára ju ogún àwòrán lọ. Báyìí ni ìpè tó dára ṣe ń lọ:

"Ẹ káàárọ̀, mà."

"Káàárọ̀ o, ọmọ mi. Ẹ jọ̀ọ́, owó tí ẹ kọ síbẹ̀ yìí, ṣé VAT ti wà nínú rẹ̀?"

"Rárá mà, ó wà lọ́tọ̀."

"Iná ńkọ́? Aago mélòó sí mélòó lẹ máa ń pa jẹnẹrétọ̀?"

"Aago méjìlá òru sí mẹ́fà àárọ̀ ni, mà. Ínfátà á máa gbé fáànù àti gílóòbù."

"Ẹ ò tíì sọ ti ẹ̀rọ amúlétutù."

"Ìyẹn ò ní ṣiṣẹ́ lóru, mà."

Irú ìdáhùn ìkẹyìn yìí kì í sábà wà lórí ìkànnì ilé ìgbafẹ́, òun ló sì máa pinnu bí ọmọ kékeré yóò ṣe sùn. Àwọn ìbéèrè tó kù nìwọ̀nyí:

Ṣé àwọn ará ìlú ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àbí gbogbo òṣìṣẹ́ ló ti ìta wá? Ibi tí ọmọ ìlú ti ń rí iṣẹ́ ni ìlú ti máa ń bá wọn ṣọ́ igbó.

Ṣé a lè gbé oúnjẹ ọmọ àti omi mímu wá?

Báwo ni ọ̀nà ṣe rí lọ́sẹ̀ yìí, ṣé ọkọ̀ kékeré lè dé ẹnu géètì?

Ilé ìwòsàn wo ló sún mọ́ ibẹ̀ jù? Ní àgbègbè Òṣogbo, ilé ìwòsàn olùkọ́ni ti UNIOSUN wà nígboro. Níbi tó bá jìnnà sí irú rẹ̀, kí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà kó oògùn tó ju ọjọ́ tó fẹ́ lò lọ.

Bí òjò bá dí wa lọ́wọ́, ṣé ẹ máa dá àsansílẹ̀ padà, àbí ẹ máa sún ọjọ́ síwájú?

Kí wọ́n ní kí ẹni tó ń gbàlejò fi àwọn ìdáhùn náà ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ibi tí wọ́n bá ti kọ̀ láti kọ ọ́ sílẹ̀, kí àlejò má sanwó gbogbo tán.

Ìgbà tó dára láti lọ

Oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá ni omi máa ń pọ̀ jù ní Ẹ̀rìn àti Òkè-Ìlá, ìgbà náà ni àpáta sì máa ń yọ̀ jù. Oṣù kọkànlá dára fún ẹni tó fẹ́ omi àti ọ̀nà gbígbẹ pa pọ̀. Nígbà ọyẹ́, òwúrọ̀ àwọn òkè Àdá àti Ìkógòsì máa ń tutù, àmọ́ eruku pọ̀, kí ẹni tó ní ikọ́ fée yẹra. Ní oṣù kẹjọ, ọdún Ọ̀ṣun máa ń mú kí yàrá wọ́n ní Òṣogbo, ó sì yẹ kí ẹni tó ń bọ̀ ti fowó sílẹ̀ ṣáájú. Ní oṣù Kejìlá, gbogbo ibi ló ń fi owó kún owó, nítorí àwọn tó ti òkè òkun dé. Ìjọba Ọ̀ṣun a máa ṣètò ọkọ̀ ojú irin ọ̀fẹ́ láti Èkó sí Òṣogbo nígbà ọdún, ìyẹn lè dín owó ọkọ̀ ìdílé kan kù.

Ẹni tó bá lè lọ láàárín ọ̀sẹ̀, láti ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀, kó béèrè ẹ̀dínwó tààrà. Yàrá tó ṣófo kò mówó wọlé fún ẹnikẹ́ni, ọ̀pọ̀ alábòójútó ló sì máa gbà. Kò sí ariwo ẹ̀rọ orin níbi omi ìlúwẹ̀ẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ọmọ iléèwé tó máa ń wá pẹ̀lú bọ́ọ̀sì kì í pọ̀. Ẹni tó ń wá ìdákẹ́rọ́rọ́ tó lọ ní Sátidé ti fi owó gọbọi ra ariwo.

Ní ọjọ́ tí wọ́n bá dé, kí wọ́n tó gbé ẹrù sílẹ̀, kí wọ́n ṣí omi ẹ̀rọ, kí wọ́n wo òrùlé, kí wọ́n tan iná, kí wọ́n ya fọ́tò ohunkóhun tó bá ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n sì fi han ẹni tó gbà wọ́n lálejò. Fọ́tò yẹn ni ẹ̀rí bí ọ̀rọ̀ owó ìdógò bá délẹ̀ ní ọjọ́ ìpadàbọ̀. Kí wọ́n gba rìsíìtì tó ya owó yàrá, VAT àti owó oúnjẹ sọ́tọ̀, kí wọ́n kà á lójú ẹni tó kọ ọ́, kí wọ́n sì gbéra kó tó di aago mọ́kànlá àárọ̀. Ẹni tó bá ti Ìkógòsì gbéra nírú àkókò bẹ́ẹ̀ yóò ti kọjá Iléṣà àti Òṣogbo, yóò sì wọ Òkukù kí ilẹ̀ tó ṣú.